Bátìrì olójé àti bátìrì lítíọ́mù: èwo ló yẹ kẹ̀kẹ́ oníná ní Abẹ́òkúta?

Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ Márúwá oníná ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta yóò ní láti yan ọ̀kan nínú bátìrì méjì. Olójé, tí Gaston Planté ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1859, kò gani lára, kò sì sí rẹwáyà tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ìwúwo rẹ̀ ni ìṣòro: bí kẹ̀kẹ́ bá kó èrò mẹ́ta, tí ó ń gun òkè Ìtòkú, iná tí ó yẹ kó fi gbé èrò ni yóò máa fi gbé òjé. Bí a bá sì ń lò ó gbẹ kí a tó gbé e sí iná, kì í sábà kọjá nǹkan bí ìgbà 500.

Èyí tí wọ́n fi lítíọ́mù, irin àti fọ́sífétì ṣe jáde láti inú iṣẹ́ John Goodenough àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. Ó fúyẹ́ gan-an, ó sì lè gba iná ju ìgbà 2,000 lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, òun ni èmi yóò yàn; ẹni tó ń lọ sí ọjà Kútọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lè máa lo olójé rẹ̀ lọ.