Dakota àbí Fokker: èwo ni kí olóbì wọ̀ lọ sí Kánò?

Obì ni bàbá mi ń tà ní Ṣàgámù. Bí owó bá há sọ́wọ́ oníbàárà ní Kánò, Ìkẹjà ni wọ́n ti máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú Nigeria Airways nígbà náà, iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, tó sì kógbá wọlé ní 2003. Wọ́n wọ Dakota, wọ́n sì wọ Fokker F27.

Dakota ni àgbà. 1935 ló kọ́kọ́ fò. Bó bá dúró nílẹ̀, ìdí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, imú rẹ̀ á kọjú sókè, èrò á sì máa gun òkè lọ sórí ìjókòó rẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ èrò nínú, nítorí náà kì í lè fò ga kọjá òjò. Bàbá ní bí ìgbà tí wọ́n ń jọ gààrí ló ṣe ń mì wọ́n.

Fokker kọ́kọ́ fò ní 1955, ó yára jù ú lọ, ó sì ń fò ga jù ú lọ. Apá rẹ̀ wà lókè fèrèsé (ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn), èrò á sì rí Odò Ọya kedere.

Ọ̀nà Kánò lé ní 800 kìlómítà, Fokker ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n fún pápá oníyẹ̀pẹ̀, Dakota ni o. Bàbá kò tilẹ̀ gbà fún mi lórí ti Kánò: wọ́n ní ìró ẹ́ńjìnnì Dakota nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n sùn.