Tarkwa Bay fún Ìdílé Tó Ní Ọmọ Kékeré: Ohun Tó Dára Níbẹ̀ àti Ohun Tí Ẹ Gbọ́dọ̀ Gbé Dání

Bí ìdílé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá bi mí pé etí òkun wo ní Èkó ni kí àwọn gbé ọmọ lọ, Tarkwa Bay ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí omi rẹ̀ ni mo ṣe máa dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ etí òkun wa, láti Elegushi títí dé Ilashe, ló kọjú sí agbami tààrà; ìgbì tó ti rin ọ̀nà jíjìn wá á fọ́ lu iyanrìn, á sì fi agbára fa omi padà débi pé àgbàlagbà tí omi náà kò ju orúnkún rẹ̀ lọ lè ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ṣeré níbẹ̀ àfi kí ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi padà sílé, ọmọ kò ní gbádùn, ẹni tó dì í mú kò sì ní sinmi.

Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló mú kí Tarkwa Bay yàtọ̀. Ní ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ń tún ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ṣe kí ọkọ̀ ńláńlá lè máa wọlé, wọ́n to òkúta wọ inú òkun ní apá ìlà-oòrùn àti ní apá ìwọ̀-oòrùn, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà. Ẹ̀yìn òkúta apá ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay wà, òkúta náà ló sì ń gba ìyà ìgbì lórí rẹ̀, tí omi tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa fi ń rọ̀. Ohun tó ṣe ibẹ̀ lóore yìí ṣe ibòmíràn níbi, nítorí òkun máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun wa, òkúta náà sì dá iyanrìn yẹn dúró. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí òkun máa jẹ Bar Beach, etí òkun Victoria Island tó wà ní apá ìlà-oòrùn, lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìgbà tí omi máa ń ya wọ títì Ahmadu Bello kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ibẹ̀ ló rọ̀ bákan náà o. Ẹ̀gbẹ́ òkúta níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń fi pákó gun ìgbì kì í ṣe ibi ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni Lighthouse Beach tó wà ní òdì kejì, tó kọjú sí agbami, kò yẹ kí a rìn lọ pẹ̀lú ọmọ tó fẹ́ wẹ̀. Àárín ìyawọ́ omi náà, níbi tí iyanrìn ti ń rọra lọ sísàlẹ̀ láìsí ọ̀gbun òjijì, ni kí ẹ tẹ́ ẹní sí.

Ọ̀rọ̀ Tarkwa Bay yìí túbọ̀ ṣe pàtàkì láti ọdún 2024, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun tí yóò lọ láti Èkó sí Calabar mú kí wọ́n wó ọ̀pọ̀ ohun tó wà ní Landmark Beach ní Victoria Island. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti fi ibẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ, nítorí pé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó dùn mí pé a pàdánù rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí ọmọdé ti lè ṣeré lórí iyanrìn kò pọ̀ nínú ìlú tó ní òkun tó báyìí.

Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé ènìyàn lọ sí Tarkwa Bay. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wọ ọkọ̀ ní èbúté Tarzan ní Victoria Island tàbí ní CMS ní Lagos Island, ìrìn náà kò sì gùn. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté Àpápá ni ẹ ó gbà kọjá, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti kọjá lọ, ìgbì tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn á gbé ọkọ̀ kékeré sókè sódò fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Bí ẹ bá dé èbúté tí ẹ rí i pé ojú omi kò dára, tàbí tí ọlọ́kọ̀ ń kó èrò jù, ẹ dúró de òmíràn, bí àwọn ọmọ tilẹ̀ ń sunkún.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó jù lójú mi ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú kí ènìyàn léfòó bó bá bọ́ sínú omi. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ni pé gbogbo èrò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n sì máa ń pín in lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà ló máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ kan tí a wọ̀, èyí tí wọ́n fún ọmọ mi ọlọ́dún méjì tóbi débi pé nígbà tí mo di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú tí mo gbé e sókè, ó gòkè kọjá etí rẹ̀, ọmọ náà sì fẹ́ yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Bí irú èyí bá bọ́ sínú omi pẹ̀lú ọmọ, jákẹ́ẹ̀tì ni yóò léfòó, ọmọ yóò rì. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo gba gbogbo òbí níyànjú láti rà, kí wọ́n tó ra korobá àti ṣọ́bìrì ìṣeré, ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ọmọ wọn mu. Ẹ má fi ọjọ́ orí yàn án. Ìwọ̀n ọmọ ni kí ẹ wò, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Ti ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba abẹ́ ìtan rẹ̀ kọjá, kó má baà yọ sókè, kó sì ní ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn tó máa jẹ́ kí ojú ọmọ kọ sókè. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ gbé ọmọ sókè ní èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà nílé; bí kò bá kúrò lára rẹ̀, ó dára. Róbà onífẹ́ẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sí apá ọmọ tàbí èyí tó rí bíi táyà kì í ṣe láìfù jákẹ́ẹ̀tì rárá. Ohun ìṣeré ni, afẹ́fẹ́ sì lè jò kúrò nínú rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ owó àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ dá aago tí yóò padà wá gbé yín, kí ẹ sì fi owó àbọ̀ pamọ́ títí yóò fi dé. Èyí tó bá ní ìbòrí lórí sàn ju èyí tó ṣí sílẹ̀ lọ, nítorí oòrùn orí omi máa ń mú ọmọ kí ẹ tó débẹ̀ rárá.

Oòrùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí pẹ́ díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé awọ dúdú kì í jóná. Awọ dúdú ní ààbò ju awọ funfun lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jóná, ti ọmọdé sì fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Iyanrìn àti omi tún máa ń ta ìtànṣán padà sókè, débi pé ẹni tó wà lábẹ́ agbòòrùn pàápàá kò bọ́ pátápátá. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù. Àwa máa ń wà ní èbúté ní kùtùkùtù, kí àwọn ọmọ lè wẹ̀ kí oòrùn tó kàn wá lórí, kí wọ́n sì sinmi lábẹ́ ìbòrí ní ọ̀sán. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń yá ènìyàn ní àga àti ìbòrí, iṣẹ́ wọn sì dára: wọ́n yára, wọ́n lọ́yàyà sí ọmọdé, bí òòji bá sì ti kúrò níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ pè wọ́n, wọn á wá yí i padà. Ẹ ná owó rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ìpara ààbò oòrùn tí nọ́ńbà SPF rẹ̀, èyí tó ń fi agbára ààbò rẹ̀ hàn, bá tó 30 ni kí ẹ fi pa ọmọ lára kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì méjì àti nígbàkúùgbà tó bá ti inú omi jáde. Aṣọ ìwẹ̀ alápá gígùn ṣiṣẹ́ ju ìpara lọ, nítorí omi kò lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan àwọ̀ aṣọ náà dáadáa. Àwọ̀ omi òkun àti àwọ̀ funfun máa ń pòórá nínú omi. Aṣọ tó pọ́n bí ọsàn, tàbí òféèfèé, tàbí pupa fòò ni ojú máa ń tètè rí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Rírì sínú omi wà lára ohun tó ń pa ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin jù lágbàáyé, ọmọ tó ń rì kì í sì í pariwo bí a ti ń rò ó; ó máa ń dákẹ́ ni, nítorí kò ní èémí tí yóò fi ké. Omi tó dé orúnkún ọmọ pàápàá tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀. Nínú ìdílé tiwa, àgbà kan ni a máa ń yàn pé òun ló ń ṣọ́ ọmọ ní àkókò yìí: kò gbọ́dọ̀ wo fóònù, kò gbọ́dọ̀ jẹun, kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè kan ọmọ lọ, nígbà tó bá sì rẹ̀ ẹ́, yóò pe orúkọ ẹni tó fẹ́ gbà á, onítọ̀hún yóò sì dáhùn kí òun tó kúrò. Èyí ni màmá ọkọ mi fi ń gbádùn etí òkun lóde òní, nítorí wọ́n mọ àkókò tó jẹ́ tiwọn, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n lè jókòó jẹ ẹ̀pà wọn ní àlàáfíà. Bí ẹ ti ń ronú nípa ìṣọ́ yìí, ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní etí òkun yóò máa wo ọmọ yín. Òbí ni olùṣọ́.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ń ta ẹja yíyan àti oúnjẹ gbígbóná níbẹ̀, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó jinná, ọmọ tí ebi ń pa kò sì mọ ìdúró. Ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Mọ́ín-mọ́ín, ẹyin bíbọ̀, ọsàn tí a ti bó àti bàrà olómi tí a ti gé sínú abọ́ olómorí ló ń bá etí òkun mu jù. Ìrẹsì máa ń kó iyanrìn. Ẹ kó omi inú ọ̀rá sí fíríìsà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tò ó sínú kúlà pẹ̀lú oúnjẹ ní òwúrọ̀: yóò ṣe iṣẹ́ yìnyín, bó bá sì ti yọ́ ní ọ̀sán, ẹ ó mu ún. Ẹ má dúró kí ọmọ sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Ẹ kó omi mìíràn tí kò di yìnyín dání fún fífọ ọwọ́ àti ojú, nítorí bí iyanrìn bá wọ ojú ọmọ, ìṣeré parí nìyẹn. Páúdà ọmọ ló sì dára jù fún iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀: ẹ wọ́n ọn sí i, ẹ fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, iyanrìn á já bọ́ láìsí ẹkún.

Ilé ìyàgbẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀, ìmọ́tótó rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, nítorí náà ni mo ṣe ń gbé póò ọmọ dání pẹ̀lú ọ̀rá tó nípọn. Gbogbo ìdọ̀tí wa ni a máa ń kó padà sí èbúté. Kò dára kí a fi ìtẹ́dìí ọmọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé níbẹ̀, àwọn tí ayé ti fi ojú wọn rí tó: ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní àdúgbò yẹn. Owó tí ẹ bá ná fún àga, ẹja àti àgbọn ní ọwọ́ àwọn tó ń ṣòwò níbẹ̀ jẹ́ owó tó tọ́, mo sì máa ń fi ayọ̀ san án.

Mo máa ń fẹ́ kí a ti wà lójú ọ̀nà ilé kí ọ̀sán tó pọ́n tán, nítorí atẹ́gùn máa ń le sí i bí ọjọ́ ti ń lọ, èrò tó ń padà sì máa ń pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ gbígbẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ lókè àpò, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀, nítorí ọmọ tó tutù nínú atẹ́gùn ojú omi yóò gbọ̀n títí dé CMS.

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni mo rò pé ó dára jù láti lọ, nígbà tí òjò kò pọ̀ tí omi sì tòrò. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, òjò àti ìgbì máa ń pọ̀, ọkọ̀ kékeré kì í sì í ṣe ibi tí mo fẹ́ gbé ọmọ wọ̀. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní tirẹ̀ yẹ kó ní sùúrù, nítorí wọn kì í gbà wá níyànjú láti fi ìpara ààbò oòrùn pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, kò sì sí láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí mo tíì rí ní èbúté tó lè bá a mu.