Táyà All-Season 195/65R15 Lábẹ́ Corolla Tókunbọ̀: Àgbéyẹ̀wò Láti Òṣogbo

Táyà all-season (èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ìgbà ọdún) tuntun mẹ́rin, 195/65R15 91H, lábẹ́ Toyota Corolla tókunbọ̀ ọdún 2005: òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìgboro Òṣogbo ni ọkọ̀ náà ti ń rìn jù, Ọláìyá, Òkè-Fìà, Ìgbọnà, àti àwọn àdúgbò tí ọ̀dà kò tíì dé. Ó sì máa ń jáde lọ sí Iléṣà, Ìkìrun àti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdájọ́ mi: táyà náà dára, ó tó rà, màá sì tún rà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló mú un dára, ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ wọn. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló bá ọkọ̀ mu. Èèyàn lè ra táyà tí gbogbo ayé ń yìn, kó wá jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ ni yóò máa ba ọkọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ń ra táyà máa ń lóṣòó ti èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ sí i, wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní irú ẹ̀. Ọkọ̀ tókunbọ̀ ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì mẹ́ta kó tó dé ọwọ́ yín, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè ti fi táyà tó bá rí sí i. Ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ ṣí. Lára òpó tí ilẹ̀kùn náà ń pa dé, sítíkà kan wà níbẹ̀ tó kọ ìwọ̀n táyà àti afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Lára Corolla 2003 sí 2008, ẹ máa rí 195/65R15 lára ọ̀pọ̀, ẹ sì máa rí 185/65R15 lára àwọn mìíràn, nítorí náà ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣe àwòkọ. Bí àwọn tó kun ọkọ̀ bá ti kun sítíkà náà mọ́lẹ̀, ìwé tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ wò.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ rèé. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 kì í ṣe mìlímítà: ó ní gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún 195 yẹn, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 127. R ni bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 15 sì ni ríìmù ní ínǹṣì. 91 ni àmì ẹrù tí táyà kan lè gbé, ó túmọ̀ sí kìlógíráàmù 615. H ni àmì eré tó lè gbà, kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sá eré bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n táyà tó lè gba ooru eré yẹn máa ń fara da ọ̀dà gbígbóná ju èyí tí wọ́n kọ Q sí, tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 160.

Ibi tí àwọn tó ń tajà ti ń fi “wọ́n jọra” tan èèyàn nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí i. Bí 195/65R15 kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbé 195/60R15 síwájú yín. Ríìmù kan náà ló ń wọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n 195/65R15 ga tó mìlímítà 634.5 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 195/60R15 sì jẹ́ 615. Ọkọ̀ á wálẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 10, ẹ̀gbẹ́ táyà á sì kúrú. Lójú ọ̀nà tí kòtò pọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ló ń jẹ́ kí ríìmù tẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ táyà á sì wú bí eéwo. Wíwú yẹn túmọ̀ sí pé okùn inú ti já. Kò sí fọganáísà tó lè tún un ṣe, bíbẹ́ ló kàn. Ẹrù tí 195/60R15 ń gbé náà kò tó: 88 ni wọ́n sábà ń kọ sí i, kìlógíráàmù 560. Lórí táyà mẹ́rin, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 220. Ẹ wo ọkọ̀ tó gbé èèyàn márùn-ún, tí àpò gaàrí méjì àti àgbá epo pupa wà ní búùtù rẹ̀ láti ọjà Ìkìrun, kí ẹ wá yọ 220 kúrò nínú ohun tó lè gbé.

Àwọn mìíràn á ní kí ẹ mú 205/65R15, pé ó ga, ó lágbára. Ó ga lóòótọ́, 647.5. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin nígbà tí ẹrù wà nínú rẹ̀, ó lè máa ha rọ́bà inú bọ́dì. Sípídómítà náà á máa purọ́: bó bá kọ 100, 102 lẹ ń sá. Onímọ́tò Toyota Yaris tí sítíkà rẹ̀ kọ 185/60R15 ló ń bá irú ìṣòro yìí pàdé jù, torí 185/65R15 ló pọ̀ lọ́jà. Èyí ga ju tirẹ̀ lọ ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ á wúwo láti gbéra, bíréèkì náà á sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ó sàn kí ẹ dúró dè é títí wọ́n á fi rí ìwọ̀n yín.

Ẹ má sì ra oníwọ̀n méjì sẹ́sẹ̀ iwájú, ọ̀tún ọ̀tọ̀, òsì ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ kéékèèké wọ̀nyí, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n. Bí táyà méjèèjì kò bá ga dọ́gba, dífà inú gíà (ohun tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè yí ní eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) á máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà kódà lójú ọ̀nà tó tọ́, ọwọ́ ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná ABS (ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há) sì lè tàn.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 2324 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ pé sí, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, ẹ ní kí wọ́n yí táyà náà padà. Àjọ FRSC (ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) máa ń kìlọ̀ pé kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, mo sì fara mọ́ ọn fún ilẹ̀ tiwa, nítorí oòrùn ń jẹ rọ́bà. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkejà lẹ́yìn rẹ̀, orí omi ni ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kéékèèké wa ń gbà wá. Èyí tí wọ́n pè ní tuntun lè ti lo ọdún méjì nínú ilé ìkẹ́rùsí kó tó dé Òṣogbo. Títàn tó ń tàn kì í ṣe ẹ̀rí, epo ni wọ́n máa ń fi pa á.

Ní ti táyà tókunbọ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù pàápàá kà á mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù, ojú lásán kì í rí i: wọ́n máa ń ki mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn kí àyè lè wà nínú kọ̀ntéénà, ètè táyà á ká, wáyà inú rẹ̀ á sì ṣẹ́. Àwọn kan á tún fi irin gbígbóná ya ojú táyà tó ti jẹ tán kó lè dà bí ẹni pé ó ṣì ní ilà. Bí owó kò bá gbé tuntun, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ríìmù, kí ẹ fọwọ́ pa inú rẹ̀ yí ká. Bí ọwọ́ yín bá kan ibi tó ga sókè, tàbí tí ẹ rí páàṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà.

Ohun kan ṣì wà nípa tókunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lára àwọn tó ń ti Yúróòpù àti Kánádà wá, àwọn kan jẹ́ táyà ìgbà yìnyín. Rọ́bà wọn rọ̀, òtútù tí kò tó ìwọ̀n 7 lórí Celsius ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Kódà òwúrọ̀ ọyẹ́ tó le jù ní Òṣogbo kì í dé ibẹ̀. Lórí ọ̀dà wa, kíákíá ni wọ́n ń jẹ tán, ọwọ́ ọkọ̀ á sì máa rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń já kọ́nà. Ẹ máa rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀, àti ilà tín-ín-rín bí irun tó kún ojú táyà. All-season mìíràn náà lè ní àwòrán yẹn, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀rọ̀ All Season lára rẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ èékánná, ẹ kọjá. M+S (àmì ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kì í ṣe ìṣòro. Lára táyà tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ Temperature (ooru) sí: A ni kí ẹ wá, torí òun ló ń fara da ooru jù.

Báwo ló ṣe wá ń ṣe lójú ọ̀nà? Nínú òjò ni ó ti ń san owó rẹ̀ padà. Ilà mẹ́rin tó gùn yí ojú táyà ká ń lé omi jáde, bíréèkì sì ń mú láìsí pé ọkọ̀ ń yọ̀. Agbára yìí kì í pẹ́ títí ayé o. Tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mìlímítà 8. Àmì inú ilà, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú ojú táyà nígbà tó bá jẹ tán, wà ní 1.6. Ṣùgbọ́n láti 3 sísàlẹ̀ ni omi ti ń gbé ọkọ̀ léfòó, nítorí náà ẹ má dúró de 1.6 bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, bíréèkì rẹ̀ kò mú tó ti táyà tí wọ́n ṣe fún ooru nìkan, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Lójú ilẹ̀ pupa tó rọ̀, ó ń gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó jinlẹ̀ máa ń dí ilà rẹ̀ pa. Òkúta wẹ́wẹ́ náà ń há sínú rẹ̀, ẹ fi sìkúrúdíráfà yọ wọ́n. Ariwo rẹ̀ kéré nígbà tó wà ní tuntun, ó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń jẹ.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ wo bí àtijọ́ ṣe jẹ. Bí etí méjèèjì bá jẹ, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Etí inú nìkan, aláímẹ́ǹtì ni. Bó bá ń jẹ ní kòtò-kòtò, ṣọ́kì ti kú. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun á jẹ bákan náà.

Lọ́dọ̀ fọganáísà, ẹ dúró tì í. Kó fi omi ọṣẹ pa ètè táyà, kì í ṣe gíríìsì tàbí ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, nítorí epo ń jẹ rọ́bà. Kó ha ìpẹtà kúrò létí ríìmù, torí ibẹ̀ ni jíjò díẹ̀díẹ̀ tí wọn kì í rí ojú rẹ̀ ti ń wá. Kó fi fáàfù tuntun sí i. Bí àmì yẹ́lò roboto bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó kọjú sí fáàfù, ibẹ̀ ni táyà fúyẹ́ jù. Ẹ má jẹ́ kó ki túúbù sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bálánsì.

Bí ẹ bá lágbára méjì péré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí. Ọ̀pọ̀ á bá yín jiyàn, wọ́n á ní iwájú ló ń fa ọkọ̀. Àmọ́ bí iwájú bá yọ̀ nínú omi, ẹsẹ̀ tí ẹ gbé kúrò lórí iná (ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) máa ń mú un padà. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po, kò sì sí àyè àtúnṣe.

Afẹ́fẹ́ ni ibi tí mo ti ń bá àwọn fọganáísà wa jà jù. Wọ́n á fi 40 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) sí i, wọ́n á ní ọ̀nà jìn. 30 psi ni sítíkà ọkọ̀ yìí sọ, àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà 44 tàbí 51 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni òpin ohun tó lè gbà, kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Bó bá ti gbóná lójú ọ̀nà, ó máa lé ní nǹkan bíi 4, ẹ má jò ó.

Nọ́ọ̀tì wíìlì Corolla, 103 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún nọ́ọ̀tì) ni kí ẹ fún un dé, ẹ máa mú wọn ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní yíyípo. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún un fún. Ní kìlómítà 8,000 sí 10,000, ẹ gbé ti iwájú sẹ́yìn tààrà, kí ti ẹ̀yìn sọdá wá síwájú. Èyí tí ọfà wà lára rẹ̀ kì í sọdá, ẹ̀gbẹ́ tó wà ni kó dúró sí. Ẹ sì wo táyà ìpààrọ̀ (spare) tó wà ní búùtù: bó bá jẹ́ kékeré tó tín-ín-rín yẹn, 60 psi ló ń gbà, eré rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 80, ọ̀dọ̀ fọganáísà tó súnmọ́ jù ni kó gbé yín dé.