Ìsọ̀ POS kan lẹ́bàá ọjà Àtàkúnmọ̀sà, Iléṣà

Aṣọ ni mo ń rán ní Òkèèṣà. Orí fóònù ni àwọn oníbàárà ń sanwó fún mi sí, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà ò mọ fóònù, ẹni tó ń ta bọ́tìnnì fún mi náà ò mọ̀ ọ́n, káàṣì ni wọ́n ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jìnnà sí ìsọ̀ yìí. Agboòrùn ńlá kan, tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, ó tán.

Mo mọ ọ̀nà báńkì o. Ọjọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà níta, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà níwájú mi. Wọn ò tíì ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tán tó fi ti káàdì wọn jáde. Wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún tì í jáde. Sékúrítì ní, "Bàbá, ẹ ṣe kíá." Ẹni tí ojú ń dùn ni wọ́n ní kó ṣe kíá.

Lábẹ́ agboòrùn yìí, àgbàlagbà á kọ́kọ́ jókòó ná. Ọmọbìnrin tó ni ìsọ̀ á ka iye owó sí wọn létí, á yí ẹ̀rọ sí wọn, á wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí wọ́n bá ní kó bá àwọn tẹ píìnì, kò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ láé: "Màámi, ọjọ́ tówó yín bá sọnù, ṣebí èmi lẹ ó mú."

Ó tún ní ìwé kan, ìwé ọmọ ilé-ìwé lásán. Bébà tí POS ń tẹ̀ jáde ò ní íńkì nínú, ooru ló ń kọ ọ́, oòrùn ló sì ń pa á rẹ́. Mo fi ọ̀kan sẹ́bàá wíńdò ṣọ́ọ̀bù mi, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì ó ti funfun báláú. Nígbà tí ₦8,000 mi kúrò ní àkáǹtì tí kò sì dé ọwọ́ mi, inú ìwé yẹn la ti rí ọjọ́, aago àti iye owó. Ó bá mi pe àwọn tó ni ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ kẹrin, owó padà.

₦200 ló ń gbà lórí ₦10,000. Ó wọ́n lójú mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí náírà dàwátì, tí gbogbo ìlú ń fowó ra owó, òun náà tà á gọbọi, mi ò sì tíì gbàgbé.

Tó bá jẹ́ tiransfáà lẹ ṣe, alert gbọ́dọ̀ wọlé kó tó kówó sílẹ̀. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa san owó aṣọ. Ní tèmi, èmi tí mo ti sanwó tán ni mò ń lóṣòó.

Àbùkù rẹ̀ tó dùn mí jù ni ohùn. Tí alert bá ti wọlé báyìí, á pariwo: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ti wọlé o, Àǹtí Télọ̀!" Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa rọra sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rọra sọ ọ́ lóòótọ́. Ni ìyá tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá na ọrùn: "Èló ló ní ó wọlé?"