Wọ́n Fi Dick Barton Síbi Tó Yẹ Kí Grace Ti Kú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí rédíò yìí ṣe wúwo tó, kó lọ kà á lára páálí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ni mo wá sọ.

Àwọn tó tà á fún mi (mi ò ní dárúkọ wọn) máa ń ra rédíò onígi àtijọ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á wá ki ẹ̀rọ kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń sọ ètò odindi ọjọ́ kan láyé àtijọ́, wákàtí sí wákàtí. Ìwọ lo máa mú ọjọ́ tó o fẹ́. Mo mú 22 September 1955. £189 ni, owó ìfiránṣẹ́ £14 lọ́tọ̀.

Ìdí tí mo fi mú ọjọ́ yẹn rèé. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 92. Ọkọ̀ Aureol ló gbé wọn wọ Liverpool lọ́dún 1955, wọ́n sì rí yàrá gbà ní Camberwell, ní London, lẹ́yìn tí àwọn onílé bíi mẹ́jọ ti tìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Wọn ò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí wọ́n fi bá òyìnbó obìnrin tó ni ilé lórí àtẹ̀gùn, ẹni tí kì í kí èèyàn, tó ń sunkún kíkorò. Bàbá mi ò mọ̀ bóyá kí àwọn dọ̀bálẹ̀ ni àbí kí àwọn dúró. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ọkàn le, wọ́n bi í pé ta ló kú. Ó ní Grace ni. Odindi ọjọ́ méjì ni bàbá mi fi ń yọ́ rìn nínú ilé, tí wọ́n ń retí òkú. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti wá gbọ́ pé Grace Archer kò sí láyé rí. Inú The Archers, eré tí BBC ń ṣe lórí rédíò, ló wà, ẹṣin ló fẹ́ yọ nínú iná tó fi kú, lálẹ́ ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ITV bẹ̀rẹ̀ gan-an. Gbogbo èèyàn ló gbà pé torí kí BBC lè gba ariwo mọ́ ITV lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe pa á.

Ìtàn yìí ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà.

Kí n má purọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà dùn. Tẹ́ ẹ bá tan rédíò náà, kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn gílóòbù inú rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ìmọ́lẹ̀ pupa á yọ lẹ́yìn, eruku gbígbóná á máa rùn díẹ̀, kí ohùn tó rọra dé bí ẹni tó ń ti yàrá bọ̀. Ní 9:10, Housewives' Choice, orin tí àwọn ìyàwó ilé bá béèrè. Ní 10:30, Music While You Work, orin tí kì í dúró, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà ogun, ní 1940, kí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ má bàa rọ̀. Wọn kì í fi orin tó ní ibi ìpàtẹ́wọ́ sí i, torí àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi irinṣẹ́ lu ẹ̀rọ. (Ẹ wá fojú inú wo ilé iṣẹ́ tó kún fún ọmọ Yorùbá.) Nígbà tó di 1:45, tí wọ́n ń pìtàn fún àwọn ọmọdé nínú Listen with Mother, bàbá mi gbé ife tíì sílẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́sẹ̀. Ohùn London yìí ò ṣàjèjì sí wọn ṣáá. Ní Èkó, inú àpótí Rediffusion ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, èyí tí wáyà ti ń gbé wọlé láti 1935, tí ẹ ò lè yí síbòmíràn, tí kò sì ní dá yín lóhùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti wá.

Ó wá di 6:45. Àwọn ọmọ ti pa fóònù. Bàbá mi ṣí fìlà, bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. Àfi orin sáré-n-sáré kan gbì! Dick Barton! Dick Barton, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí rédíò tó ti kógbá wọlé ní March 1951, tó jẹ́ The Archers yìí gan-an ló gba àkókò rẹ̀!

Bàbá mi dé fìlà wọn padà. Wọ́n ní, "Ó jọ pé kò kú mọ́."

Mo pe àwọn tó ta rédíò náà ní Mọ́ńdè. Ìṣẹ́jú 26 ni wọ́n fi kọrin sí mi létí. Ọmọkùnrin kan gbé e, ó ní ṣé rédíò náà ń sọ̀rọ̀? Mo ní ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí wá ni ìṣòro? Mo ní ẹni tí kò yẹ kó sọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní àkókò kan náà ṣáà ni, eré náà ṣáà ni. Mo ní tí mo bá sanwó ẹran ewúrẹ́, tó wọ́n ẹran ajá fún mi, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà ṣáà ni? Ó ní òun máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ímeèlì tó dé lọ́jọ́ kejì ní kí n fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún fún ìrànlọ́wọ́ tí òun ṣe.

Ní Tọ́sìdeè, fóònù dún. Màmá àgbàlagbà kan ni, àwọn ni wọ́n ń to àwọn ètò náà. Wọn ò bá mi jiyàn rárá. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sọ nígbà yẹn ló bá afẹ́fẹ́ lọ torí pé ẹnikẹ́ni ò gbà á sílẹ̀, àti pé ó yẹ kí àwọn ti sọ ọ́ nínú ìpolówó pé àwọn ń fi nǹkan mìíràn dí àlàfo. Wọ́n wá béèrè ìdí tí mo fi mú ọjọ́ yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, bàbá mi nawọ́ gba fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni màmá yìí nígbà náà. Ìyá tiwọn náà sunkún lọ́jọ́ náà, ó jẹ́ kí ẹran jóná, bẹ́ẹ̀ ọdún tó ṣáájú, ní July 1954, ni ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ káàdì ìpín tí ìjọba fi ń wọn oúnjẹ fún èèyàn láti ìgbà ogun. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò. Ẹ̀rín tí bàbá mi ń rín, mo ti gbàgbé pé wọ́n ní in.

Mẹ́mọ́rì káàdì tuntun dé ní Sátidé, pẹ̀lú bébà tí màmá náà fọwọ́ ara wọn kọ: díẹ̀ péré làwọn rí nínú eré alẹ́ náà. Mo kì í bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó fi tán. Bàbá mi dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní lọ́jọ́ kejì ọjọ́ yẹn, obìnrin tó ni ilé pe àwọn sídìí tábìlì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bu ọbẹ̀ fún àwọn, àwọn ò sì sọ fún un rí títí tó fi kú pé àwọn rò pé ọmọ rẹ̀ ni Grace.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Wọn ò dá £14 mi padà. Bàbá mi ń kà á lẹ́yìn mi, wọ́n ní kí n kọ márùn-ún, àmọ́ àwọn kọ́ ló sanwó.