Ehoro Àgbàlá àbí Orí Adìẹ Ọjà: Èwo Ni Kí Ajá Jẹ?

Ajá méjì ló wà nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹran tútù ni wọ́n sì ń jẹ. Orí àti ẹsẹ̀ adìẹ ọjà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní wàhálà: o rà á, o fọ̀ ọ́, ó parí. Àmọ́ bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ méjì, tí adìẹ yọ́ tó tún dì, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i mọ́.

Ehoro gba sùúrù, síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni abo fi ń lóyún, ó sì lè bí mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Kóríko àti ewé ọ̀dùnkún tí mo sá kí omi ara rẹ̀ gbẹ ni mo ń fún wọn. Ewé ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó dé iwájú wọn.

Bí mo bá pa ọ̀kan, mo máa ń yẹ ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀ wò fínnífínní. Bí àpò omi kéékèèké bá so mọ́ ọn, bí hóró ẹ̀wà, ọmọ aràn ni. Ajá tó bá jẹ ẹ́ ní tútù yóò kó aràn, nítorí náà mo máa ń sọ ọ́ nù.

Ẹran ehoro kò lọ́ràá, mo ṣì ń fi awọ adìẹ díẹ̀ kún un. Egungun sísè ni mi ò fún wọn rí, ì báà jẹ́ ti adìẹ tàbí ti ehoro: ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.