Kúlà olómi orí òrùlé ní Phoenix: kò sí irú rẹ̀ lóṣù karùn-ún, ìyà ni lóṣù kẹjọ

Ilé àtijọ́ kò ṣòro dá mọ̀ ní àgbègbè Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ẹ gbójú sókè wo òrùlé: bí ẹ bá rí àpótí irin onígun mẹ́rin tó ní ojú gbọọrọ gbọọrọ lára, kúlà olómi nìyẹn. Wọ́n ṣì ń tà á ní tuntun, ẹni tó bá sì ra irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ tí á fi máa rò ó bóyá kóun tún un ṣe ni àbí kóun yọ ọ́ dànù, kóun gbájú mọ́ éésì. Ẹ má yọ ọ́. Àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara tì í.

Bí àmù ṣe ń mú omi tutù ni kúlà ṣe ń mú ilé tutù: omi tó ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Pọ́ńpù kékeré kan ń fa omi láti inú ọpọ́n ìsàlẹ̀ lọ sórí páàdì, ìyẹn ìpele nínípọn tó ń fa omi mu, fáànù sì ń fa afẹ́fẹ́ ìta gba inú páàdì tútù náà wọlé. Kí kúlà tó dé, ìta gbangba tàbí gbàgede onínẹ́ẹ̀tì làwọn ará Phoenix ń sùn sí lóru, tí wọ́n á ta aṣọ tútù yí ibùsùn ká. Àwọn ọdún 1930 ni oníṣẹ́ páànù bí Oscar Palmer, àti Adam òun Gust Goettl tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, sọ ọ́ di ọjà gidi. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni éésì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò rẹ̀. Èèyàn 106,818 ló wà ní Phoenix ní 1950. Nígbà tó fi máa di 1960, ọdún tí ilé iṣẹ́ ìkọ́lé Del Webb ṣí ìlú Sun City sórí ilẹ̀ oko òwú fáwọn tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti di 439,170. Lóòótọ́, ìlú náà ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀, àmọ́ ta ni ì bá wá kọ́lé sínú ooru yẹn bí kò bá sí ohun tó ń mú ilé tutù?

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ rèé. Bí ooru ìta bá jẹ́ 105 Fahrenheit, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 10%, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára páàdì á wà ní nǹkan bí 77. Bí ọ̀rinrin bá fi lè di 30% nínú ooru kan náà, á gòkè dé nǹkan bí 85, ara á máa lẹ̀ mọ́ àga, iyọ̀ á máa dì nínú ìgò. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ka monsoon, ìyẹn àkókò ọ̀rinrin àti òjò, sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n déètì yẹn kò ran oníkúlà lọ́wọ́. Ìlànà tí wọ́n ń lò kó tó di 2008 ló dáa jù: bí dew point (ìwọ̀n ooru tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ fi ń di ìrì) bá ti pé 55 Fahrenheit fọ́jọ́ mẹ́ta léra, monsoon ti wọ Phoenix. Ẹ máa wò ó lórí fóònù. Bó bá ti kọjá 55, ẹ pa kúlà, ẹ tan éésì. Láti oṣù kẹrin títí dìgbà yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná tí éésì ń jẹ ni kúlà máa jẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, kó fi gígùn ilé lu ìbú, kó tún fi gíga àjà lù ú, kó wá pín in sí méjì. Ilé tó jẹ́ 1,200 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, kúlà 4,800 CFM ló tó o (CFM ni iye ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan). Àwọn tó bá ti mọ éésì lára máa ń ti fèrèsé pa, wọ́n á wá ní kúlà ò ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó wọlé gbọ́dọ̀ ríbi jáde: ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóròó fún 1,000 CFM kọ̀ọ̀kan, ní yàrá tí ẹ bá fẹ́ kó tutù. Ẹ gbé bébà ìnujú kan sójú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn tí kò jábọ́, ó ti ṣe wẹ́kú. Bí ilẹ̀kùn bá ń dédé gbá pàà, ẹ ṣí fèrèsé sí i.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Omi Phoenix, tó ń wá láti odò Salt, Verde àti Colorado, le púpọ̀. Bó ṣe ń gbẹ ló ń fi ẹfun sílẹ̀ lára páàdì. Ẹfun yẹn á dí ihò páípù tó ń pín omi, apá kan páàdì á gbẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì gba ibẹ̀ wọlé tààrà. Ẹ pa fáànù, ẹ jẹ́ kí pọ́ńpù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fọwọ́ kan páàdì láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tó bá gbẹ, ihò tó wà lókè rẹ̀ ló ti dí. Oògùn rẹ̀ ni páípù kékeré tó ń yọ díẹ̀ dànù lára omi inú ọpọ́n, tí iyọ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀, bí pọ́ńpù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má darí rẹ̀ sídìí igi ọsàn, iyọ̀ á pa á. Koríko Bermuda lè gbà á. Páàdì fọ́nrán igi aspen kò wọ́n, àmọ́ ọdọọdún lẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó le, tó nípọn tó ínǹṣì 8 tàbí 12, máa ń lo ọdún bíi mélòó kan, àmọ́ kò lè wọnú àpótí àtijọ́.

Bí kúlà àti éésì bá jọ ń lo ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ yẹ irin pẹlẹbẹ tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ wò kí ẹ tó san owó ilé. Bí kò bá pa dé dáadáa, orí òrùlé ni òtútù éésì ń gbà lọ. Bẹ́líìtì tó ń yí fáànù kúlà náà ń fẹ́ àmójútó: ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ láàárín, kó wọlé díẹ̀ sí ínǹṣì kan. Bó bá le jù, bẹ́rìn ló máa kọ́kọ́ lọ.

Àwọn àdúgbò kan ò fẹ́ rí kúlà lórí òrùlé rárá, nítorí náà ẹ ka ìwé òfin ẹgbẹ́ onílé ṣáájú. Tó bá di oṣù kọkànlá, ẹ ti omi rẹ̀ pa nísàlẹ̀, ẹ tú páípù bàbà tín-ín-rín yẹn, ẹ fa ọpọ́n gbẹ, ẹ fi tapólì bo àpótí. Omi tó bá ṣẹ́ kù nínú páípù lè dì lóru kó sì là á, ẹ ò sì ní mọ̀, àfi lóṣù kẹrin tí omi bá ń kán láti àjà.